Mò Ń Hun Ti Ara Mi

1.

…ọjọ́ náà gan-an, Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 2025, ni Ummuhani fi téèpù wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Abẹ́ orúnkún. Ibi tí ẹran ẹsẹ̀ ti ki jù. Ọrùn ẹsẹ̀. Gìgísẹ̀ títí dé orí àtàǹpàkò.

Ó ti wọn àyà ọmọ ọlọ́mọ, ó ti wọn apá ọmọ ọlọ́mọ, ó ti wọn orí ìkókó tó ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀, kò wọ̀n ọ́n rí. Ó bá a níbi tó wà, nísàlẹ̀ ara rẹ̀, ó tín-ín-rín ju bó ṣe rò lọ.

Ó ní, "Ìwọ náà dé."

2.

ÌKÉDE

(lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ní Èjìgbò, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà Ifẹ̀-Ọ̀dàn máa ń tò sí)

A KÒ GBA IṢẸ́ TUNTUN FÚN ÌGBÀ DÍẸ̀.
SÚWẸ́TÀ ILÉ-ÌWÉ, FÌLÀ ÒTÚTÙ ỌMỌDÉ, KÁDÍGÁÀNÌ:
Ẹ PADÀ WÁ LỌ́DÚN TÍ Ń BỌ̀.
MÒ Ń HUN TI ARA MI.
Ìyá Afeezat

Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnìkan fi báírò kọ ọ́: *Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà.*

Nísàlẹ̀ ìyẹn, ọwọ́ ẹlòmíràn: *Kí ló ṣe ara yín?*

3.

Èjìgbò ka ìkéde náà tán, kò sì yé Èjìgbò.

Bí obìnrin bá kọ "ti ara mi" síta, àìsàn ni. Wọ́n mọ ara dáadáa nígbà tó bá ń ro, nígbà tó bá ń gbóná, nígbà tó bá wúwo tí kò ṣe é gbé dìde. Pé èèyàn lè ní ara kan tó yẹ kí ó hun nǹkan fún, ìyẹn ni kò wọ̀ wọ́n létí.

Ẹni mẹ́ta gbé ọsàn wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọ ohùn wálẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ti yẹ̀ yín wò?"

Ó ní wọ́n ti yẹ òun wò.

Téèpù ló fi yẹ ara rẹ̀ wò.

Ó gba ọsàn náà. Ó jẹ ẹ́. Ó dùn.

4.

Àwọn tó ti wọ iṣẹ́ ọwọ́ Ummuhani:

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé kan tó ń wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé.
Ràmọ́nù, ọkọ rẹ̀, tó wà ní Abíjàn.
Ìyá Ràmọ́nù, tó ní ọrùn rẹ̀ há, tó sì wọ̀ ọ́ títí tó fi kú.
Bàrákátù, ìyálé rẹ̀.
Najeem, ọmọ ìyálé rẹ̀. Ọmọ Najeem, tó ti hun tiẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i.
Afeezat, ọmọ tirẹ̀, tó sọ ọ́ nù sínú mọ́tò.
Ajá òyìnbó kan ní Abíjàn. (Òótọ́ ni. Súwẹ́tà ajá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè é pé kó wá wọn ajá náà, nítorí pé ajá náà sanra.)
Ummuhani:

5.

*Ohùn méjì, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mùtàlíbù ni télọ̀ tó wà lódìkejì ògiri.*

MÙTÀLÍBÙ: Ìyá Afeezat, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ̀ ń hun yẹn?

UMMUHANI: Ìbọ̀sẹ̀.

MÙTÀLÍBÙ: Ọmọ ta ló ni ín?

UMMUHANI: Ọmọ ìyá mi. Èmi.

MÙTÀLÍBÙ: Ó mà gùn.

UMMUHANI: Orúnkún ló ń lọ.

MÙTÀLÍBÙ: Orúnkún. Ipò wo lẹ ń gbá lórí pápá? Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?

UMMUHANI: Gólì ni mò ń ṣọ́. Kí irú ẹ má baà wọlé.

MÙTÀLÍBÙ: Ẹ ti fún mi ní káàdì.

UMMUHANI: Lọ jókòó sídìí máṣíìnì ẹ. Ṣòkòtò ọkọ ìyàwó tó o rán lọ́jọ́sí, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ.

MÙTÀLÍBÙ: Ọkùnrin náà ló ń tiro. Ẹ̀yin ni ẹ ò wò ó dáadáa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ ti ń pè é ní Kípà.

6.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ẹ̀yin tí ẹ rò pé inú òwú ni ìbọ̀sẹ̀ ti ń hù jáde.

Abẹ́rẹ́ márùn-ún. Sípókù kẹ̀kẹ́ ni, mẹkáníìkì kan ló bá a gé e, ló bá a pọ́n ẹnu rẹ̀. Mẹ́rin á di ojú mú, ìkarùn-ún á máa ṣiṣẹ́. Ẹnu ìbọ̀sẹ̀, lábẹ́ orúnkún, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa nà kó máa sún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí ṣòkòtò ọ̀mùtí. Níbi tí ẹran ẹsẹ̀ bá ti ń tín, a ó máa pa ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan.

Gìgísẹ̀ ni ibi tí aláìmọ̀ ń sá fún. A ó fi ìdajì àwọn ojú náà sílẹ̀ kí wọ́n máa wòran. Orí ìdajì yòókù ni a ó ti máa lọ tí a ó ti máa bọ̀, títí aṣọ náà yóò fi tẹ̀ bí ike ìmumi. Lẹ́yìn náà ni a ó padà lọ bẹ àwọn tí a fi sílẹ̀.

Ojú ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan kókó òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́. Ojú á fún, ojú á là, ojú á jábọ́. Láàárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, ojú ni Ummuhani ń kà, ní gbangba, níwájú àwọn ọlọ́kadà.

Ojú kò tì í.

7. (Èyí yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀.)

Nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé kí ló dé.

1987. Ilé-ìwé girama, kíláàsì kejì, ọyẹ́ ń fẹ́. Òfin wọn ni pé kí ọmọbìnrin wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún. Ìyá rẹ̀ ra méjì nínú òkìtì òkìrìkà. Ọ̀kan dé orúnkún. Èkejì dé ìdajì ojúgun, ó ní ìlà aró lẹ́nu. Ó fa èyí tó kúrú sókè títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ sórí kókósẹ̀.

Olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí i. Ó pè é jáde síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kó bọ́ méjèèjì, nítorí pé ìrẹ́jẹ ni ìbọ̀sẹ̀ tí kò bára mu. Ó ní kó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Orúnkún rẹ̀ funfun fún ọyẹ́, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín pé ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ Ọlọ́run.

Olùkọ́ náà sunkún nígbà tó yá.

Rárá. Ẹ pa ìyẹn rẹ́. Olùkọ́ náà kò sunkún. Ó lọ jẹ ẹ̀wà.

Kí ọdún tó yípo, àǹtí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Abíjàn láti máa bá a tajà. Ibẹ̀ ló ti lọ ilé-ìwé alẹ́ àwọn àgbà, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìhunṣọ. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí Faransé ṣe ń kọ òwú tí a fi ń hunṣọ: *laine*. Wọ́n á kọ ọ́ báyẹn, wọ́n á sì pè é ní *lẹ́ẹ̀nì*. Ó ṣi í kọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò ṣi í kọ mọ́.

8.

Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún parí ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun.

9.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Ó wọ̀ ọ́.

Pupa ni, pupa obì tó gbó, òwú gidi tí ó gbé ti Abíjàn bọ̀ nígbà tí ogun lé wọn wálé. Ó di orúnkún mú bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò fún un. Kò yọ̀. Gìgísẹ̀ jókòó sí ààyè gìgísẹ̀.

Ó rìn láti ibùsùn dé ojú fèrèsé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbóná. Ẹsẹ̀ òsì ń wò ó.

Ó bọ́ ọ, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó wo òwú tó kù. Kò tóbi ju ẹyin awó lọ.

Ó wá a kiri ọjà Èjìgbò. Òwú tí wọ́n ń tà níbẹ̀, bí o bá fi iná kàn án, yóò run bí ọ̀rá. Bí o bá fà á, yóò já. Ìyá tó ń tà á ní pupa ni pupa ń jẹ́.

10.

*Ìsọfúnni lórí fóònù. Ummuhani sí Najeem ní Abíjàn. Najeem ń ta fóònù, ó ń tún gíláàsì rẹ̀ ṣe.*

UMMUHANI: Najeem se daadaa ni. Jowo ba mi ra laine pupa, eyo kan. Fi ran eni to ba n bo wale

NAJEEM: E kaaro ma. Laine ti ibi?

UMMUHANI: Ti ibe yen. Ti odo wa ko dara, o n ja

NAJEEM: Ooto ni ma. Ti Naija n ja gan. Se dandan ni ko je pupa?

UMMUHANI: Pupa ni. Eyi ti mo ni tele ti tan

NAJEEM: Ko buru ma. Se ki n so fun Baba?

UMMUHANI: Kini Baba fe fi se? Temi ni

(Najeem fi àwòrán ojú méjì ránṣẹ́.)

11.

Ẹni tó bọ́ọ̀sì Abíjàn já sílẹ̀ gbé ọ̀rá kékeré kan fún un, ó ní Najeem kí i. Ó tú ọ̀rá. Ó bá páálí pupa. Ó ṣí páálí. Ó bá káàdì pélébé kan tí kò tó èékánná.

Láìnì fóònù.

Ó tún wo inú ọ̀rá, bóyá òwú wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó ń ta fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ni yóò kà síbẹ̀ bí kò ṣe fóònù? Ojú Yorùbá ló fi ka Faransé. Ó rò pé ìyá òun kékeré kò mọ láìnì kọ ni. Ó ṣàánú rẹ̀ pàápàá.

Àmọ́ ìwọ Ummuhani ńkọ́? Òwú. Lẹ́tà mẹ́ta. Ṣé ó wúwo jù ni? Ilé-ìwé alẹ́ ló ń gùn ọ́. O fẹ́ kí ẹnìkan mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n kọ.

12.

*Ìpè láti Abíjàn.*

RÀMỌ́NÙ: Ìyá Afeezat.

UMMUHANI: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Najeem.

RÀMỌ́NÙ: Ta lo fẹ́ máa pè?

UMMUHANI: Ta ni mo fẹ́ máa pè báwo?

RÀMỌ́NÙ: Láìnì pupa. Láìnì tí Bàbá kò gbọdọ̀ gbọ́.

UMMUHANI: Òwú ni mo ní kó rà. Lẹ́ẹ̀nì.

RÀMỌ́NÙ: Ó ti di òwú báyìí.

UMMUHANI: Òwú ni látilẹ̀.

RÀMỌ́NÙ: Kí lo fẹ́ fi òwú ṣe?

UMMUHANI: Ìbọ̀sẹ̀.

RÀMỌ́NÙ: Ti ta?

UMMUHANI: Tèmi.

RÀMỌ́NÙ: (*Ó rẹ́rìn-ín.*) Ummuhani. Bí o bá máa parọ́, pa èyí tó ṣe é gbà gbọ́.

13.

Èyí tó ṣe é gbà gbọ́: pé ìyàwó òun, tó ti ní ọmọ-ọmọ, ní ọkùnrin kan tó fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

Èyí tí kò ṣe é gbà gbọ́: pé ó hun ìbọ̀sẹ̀ fún ara rẹ̀.

14.

*Pálọ̀ Alàájì Mùhámmẹ́dù, ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nù. Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn tó wà níbẹ̀: Alàájì, Bàrákátù tó jẹ́ ìyálé, Ummuhani, àti Ràmọ́nù nínú fóònù tí wọ́n gbé sórí tábìlì, tí wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.*

ALÀÁJÌ: Gbé nǹkan náà wá ká rí i.

(*Ummuhani gbé ìbọ̀sẹ̀ náà sórí tábìlì.*)

ALÀÁJÌ: Ọ̀kan ṣoṣo?

UMMUHANI: Òwú ló tán, Alàájì. Ìyẹn ni mo ní kí Najeem rà.

BÀRÁKÁTÙ: Òótọ́ ló ń sọ, sà. Ojú mi ló ṣe ń hun ún.

FÓÒNÙ: Kí lẹ rí níbẹ̀?

ALÀÁJÌ: Ìbọ̀sẹ̀ ni o. Irú ti agbábọ́ọ̀lù.

FÓÒNÙ: Agbábọ́ọ̀lù wo?

BÀRÁKÁTÙ: Asitagifirulaahi. Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀.

ALÀÁJÌ: Ràmọ́nù, fọkàn balẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan. Àwọn ọmọ yìí ló ṣi ìwé kà. (*Ó fi ìka méjì gbé ìbọ̀sẹ̀ náà sókè bí ẹni gbé òkú ológbò, ẹ pa ìyẹn rẹ́, bí ẹni gbé òkú eku.*) Ṣùgbọ́n ìyàwó wa, ó kù díẹ̀ káàtó. Ọkọ rẹ ń bọ̀ wálé lópin oṣù. Ọyẹ́ nìyí. Ṣé o ti hun nǹkan fún un?

UMMUHANI: Fìlà mẹ́ta, sà. Súwẹ́tà méjì. Ó fi ọ̀kan tọrẹ.

FÓÒNÙ: Ó ń yún mi lọ́rùn.

ALÀÁJÌ: Ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Èyí tó máa tù ú lójú báyìí ni mò ń wí. Òwú tó wà nínú kinní yìí, ṣé ó tó fìlà?



BÀRÁKÁTÙ: Ó tó o, sà. Ó máa ṣẹ́kù.

ALÀÁJÌ: Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi hun fìlà fún ọkọ rẹ̀. Kó dé, kó bá a nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ jẹ́ ká ṣe àdúà.

Wọ́n ṣe àdúà. Wọ́n ṣe Àmín. Ummuhani náà ṣe Àmín, nítorí pé inú àdúà náà ni wọ́n ti dárúkọ ọmọ rẹ̀.

15.

Ó gbà.

Rárá, kò gbà.

Kò sí ẹni tó bi í.

16.

NAJEEM: E ma binu ma. Emi ni mo se e. Mo ti wa lene naa de oja Adjame. Won ni awon to n se pupa yen ko se e mo. Awo osan lo ku. Se ki n ra awo osan?

(Ó kà á.)

17.

Ó lọ sí Ìsúndúnrìn ní Tọ́sìdeè lọ kí ẹnìkan tó bímọ. Kò tíì fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀ náà láti Sọ́ńdè. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ń rò ó. Ó ti ń rí i pé ẹnu èkejì lè jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Ìyẹn ni pé méjèèjì kò tún ní bára mu, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kankan mọ́ tó lè pè é jáde. Ó rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bi í pé kí ló dé, ó ní kó máa wo ọ̀nà.

Bàrákátù jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tó dé. Bọ́ọ̀lù òwú pupa kan wà lórí itan rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó yípo bí àgbálùmọ̀ tó tóbi.

"O káàbọ̀. Ara Ìsúndúnrìn ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ìyá Najeem, kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Mo ti bá ọ tú u."

Ummuhani dúró lójú ibi tó wà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé yóò ṣe ọ́ bákan láti fọwọ́ ara rẹ tú u," Bàrákátù sọ. "Mo ní kí n gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó o ti jìyà lé lórí. Ọjọ́ tí mo bí Najeem, ìwọ lo ń fọ aṣọ mi."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Gìgísẹ̀ yẹn ló dà mí láàmú. Kí lo tiẹ̀ ṣe síbẹ̀? Kò fẹ́ tú."

"Kò yẹ kó tú."

Bàrákátù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé òun ni wọ́n ń yìn.

18.

Òwú tí wọ́n tú kì í nà. Ó máa ká wérewère ni, gbogbo ojú tó ti jẹ́ rí ni yóò ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n so nǹkan wíwúwo mọ́ ọn, kí wọ́n fi kọ́ títí yóò fi gbàgbé.

Ummuhani kò fọ̀ ọ́.

19.

*Iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀la ni bọ́ọ̀sì Ràmọ́nù ń wọlé.*

MÙTÀLÍBÙ: Kípà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àwọn alága ti fagi lé ìdíje yín.

UMMUHANI: Wọ́n wí bẹ́ẹ̀.

MÙTÀLÍBÙ: Kí lẹ wá tún ń hun?

UMMUHANI: Ẹnu rẹ̀ ni mo ṣì wà.

MÙTÀLÍBÙ: Ẹnu kí ni?

UMMUHANI: Má bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń ka ojú.

20.

Bákan náà ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀: ẹnu tó yípo, tó ń nà tó ń sún, lórí abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Fìlà kàn fẹ̀ jù ú lọ ni. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, yóò ti mọ̀ látòkèèrè èwo ni èyí. Télọ̀ ló wà níbẹ̀.

Bàrákátù gba ibẹ̀ kọjá, ó rí òwú pupa lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ sí i. Alàájì gba ibẹ̀ kọjá, ó mi orí. Inú gbogbo wọn dùn.

21.

Ìbọ̀sẹ̀ pupa kan ló ṣègbé, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan ni Ummuhani wọ̀ ọ́.